Etí Tí A Rán Lọ sí Máàsì

Àwọn àgbà tí wọ́n wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà kò purọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n wí pé etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ojú sì ti jẹ́ ọlọ́lá tó lára ọmọ ènìyàn, ọ̀pọ̀ ohun ni ń bẹ tí ojú kò lè wọ inú rẹ̀ àfi bí etí bá bá a lọ. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń dùn mí, nígbàkígbà tí mo bá ka ìtàn àwọn ọkọ̀ aláìlénìyàn tí àwọn ọ̀mọ̀ràn Amẹ́ríkà àti ti Rọ́ṣíà ti ń rán lọ sí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì láti bí ọgọ́ta ọdún wá, pé ojú ni wọ́n ń dì mọ́ wọn lára ṣáá, kámẹ́rà lórí kámẹ́rà, tí wọ́n sì ń fi etí sílẹ̀ nílé, bí ẹni pé ayé mìíràn kò lè fọhùn.

Àwọn kan ti gbìyànjú, n kò ní fi tiwọn pamọ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1982, ọkọ̀ Soviet tí ń jẹ́ Venera 13 balẹ̀ sórí Àgùàlà, atànyanran tí ń bá òṣù rìn tí aráyé fi ń pè é ní ajá òṣù, níbi tí ooru ti ju 450 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní bí ìlọ́po 90 ti ayé wa. Láàárín wákàtí méjì ó lé díẹ̀ tí ọkọ̀ náà fi mí kí ooru tó pa á, ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ara rẹ̀ bí ó ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ó sì gbọ́ atẹ́gùn tí ń fẹ́ jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ Huygens, tí ó balẹ̀ sórí Titan, òṣùpá ńlá Saturn, ní 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2005, náà mú etí lọ.

Ṣùgbọ́n ní ti Máàsì, ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ eruku, arẹwà òkèèrè tí òjò kì í rọ̀ sí ìgbéríko rẹ̀, ìdúró náà pẹ́. Ní 1996 ni Carl Sagan, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé sí àjọ NASA pé bí ó tilẹ̀ ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni a rí gbà sílẹ̀ nínú ìró ibẹ̀, inú aráyé yóò dùn sí i, ìmọ̀ yóò sì jèrè. Kí ọdún náà tó parí, ọlọ́jọ́ dé, Sagan papò dà. Ẹgbẹ́ Planetary Society, tí òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀, ṣe ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan, wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ Mars Polar Lander. Ọkọ̀ náà dé ẹnu ibodè Máàsì ní 3 oṣù Ọ̀pẹ̀ 1999, láti ọjọ́ náà ni a kò sì ti gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ Phoenix tí ó balẹ̀ síbẹ̀ ní 2008 ní etí lára, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí etí náà nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù pé ó lè da ìbalẹ̀ rú.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Ní 18 oṣù Èrèlé 2021 ni ọkọ̀ NASA tí ń jẹ́ Perseverance gúnlẹ̀ sí kòtò Jezero ní Máàsì pẹ̀lú etí méjì. Èyí tí wọ́n tìtorí ìbalẹ̀ fi sí i kò rí nǹkan kan gbọ́ bí ọkọ̀ ti ń já bọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà gbọ́ àwọn táyà irin rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ òkúta mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èkejì, tí ó wà lórí òpó, tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Toulouse nílẹ̀ Faransé ṣe, ni mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi dúró tì díẹ̀. Lára ọkọ̀ yìí ni lésà kan wà tí ń yin iná mọ́ òkúta láti òkèèrè, tí òkúta yóò sì dáhùn pẹ̀lú ìró kékeré kan, pàá, pàá, pàá. Ẹ wo ìyàwó ilé tí ó fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà: kì í fi ojú nìkan rà á, yóò fi eegun ìka kàn án lára, ìró rẹ̀ ni yóò sì sọ fún un bí ó bá ti sán nínú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìró lésà náà ń sọ bí òkúta ti le tó, tí yóò sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ihò tí iná ń gbẹ́ ti ń jìn sí i, ohun tí àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ láéláé.

Láti inú ìró yìí kan náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ìró kì í rìn ní Máàsì bí ó ti ń rìn lọ́dọ̀ wa. Níhìn-ín, bí 340 mítà ni gbogbo ohùn ń sá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́hùn-ún, níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì gáàsì tí à ń mí sóde láti inú ẹ̀dọ̀fóró, ohùn tí ó rinlẹ̀ ń sá bí 240 mítà, èyí tí ó ga ń sá bí 250, àwọn ìró gíga kò sì ní pẹ́ kú sójú ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ ti rò pé afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbé ìró Ingenuity, hẹlikọ́pítà kékeré tí Perseverance gbé lọ, mì. Ṣùgbọ́n ní 30 oṣù Igbe 2021, láti 80 mítà sí i, wọ́n gbọ́ ọ tí ó ń kùn hùn-ùn.

Kí n má gbàgbé ààjà. Àwọn baba wa gbà pé ààjà a máa gbé ènìyàn lọ sínú igbó lọ kọ́ ọ ní òògùn. Ní 27 oṣù Owewe 2021, ààjà Máàsì kan tí ó fẹ̀ tó mítà 25, tí ó sì ga ju mítà 100 lọ, gba orí Perseverance kọjá, ó sì bá etí náà ní ṣíṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ṣí i nínú oṣù kan. Wọ́n gbọ́ ẹ̀fúùfù, ìdákẹ́jẹ́ àárín rẹ̀, àti ẹ̀fúùfù lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n sì ka iyanrìn tí ń kọlu ọkọ̀ náà, ó lé ní 300 hóró. Ní oṣù Bélú 2025 ni wọ́n tún kéde pé etí yìí kan náà ti gbọ́ iná mànàmáná tí eruku ń dá bí ó ti ń fi ara gbo ara, ìgbà 55, ààrá bíńtín tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ti ń fura sí láti ọjọ́ pípẹ́ tí kámẹ́rà kankan kò sì rí. Kò sí ẹni tí ó tìtorí ààrá gbé etí lọ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí ojú wọn ti fọ́. Mo fi ìró atẹ́gùn Jezero sí wọn létí láìsọ ibi tí ó ti wá. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí n má sọ̀rọ̀, wọ́n wá bi mí pé: “Ọmọ mi, oko ta nìyí? Igi kan kò sí níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ ń mì.” Mo ní, “Bàbá, Máàsì ni.” Wọ́n ní kí n tún un fi sí àwọn létí. Ọdún ti pẹ́ tí àwòrán ibẹ̀ ti kún inú ìwé ìròyìn gbogbo, tí kò sì kàn wọ́n.

Àwọn tí ń ṣe ìṣirò ọkọ̀ yóò wí pé gbogbo ẹrù tí a dì sí i ni ó ní owó tirẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéré, kò wúwo, kò jẹ iná púpọ̀, ohun tí ọ̀kan ṣoṣo ti ṣe ní Jezero sì ti san gbèsè gbogbo àwọn tí ó sọnù ṣáájú rẹ̀. Ìdájọ́ tèmi ni pé kò yẹ kí ọkọ̀ kankan tún lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà láìmú etí dání. Àwọn ìró náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ NASA, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi gbohùngbohùn etí gbọ́ wọn, nítorí wọ́n rọra ń dún, bí ẹ bá sì ní ẹnìkan nílé tí kò ríran mọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́.