Ẹlẹ́dẹ̀ Ìyá Àgbà

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó rò pé òun ń ṣoge. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti fi í rẹ́rìn-ín ní àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọmọ ilé tí a ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ni mí, ẹnu mi sì gbà á láti sọ fún yín pé òwe náà kò ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹran yìí. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bí ènìyàn. Bí oòrùn bá mú, kò ní ohun tí yóò fi tu ara rẹ̀ lára bí kò ṣe omi àti ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí oòrùn jó o lára, òun ni kì í sì í jẹ́ kí eṣinṣin rí i jẹ. Oge kọ́ ni ó ń ṣe, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó ń dù.

Ìwó, ìlú odíderẹ́, ni a bí mi sí. Láti ayé Olúwòó Lámuyé, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi náà kò kẹ́yìn. Ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn àtijọ́ ni Yunifásítì Bowen, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, wà lónìí. Ìyá àgbà mi jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹran tí ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ni ó sì ń sìn. Nítorí èyí, kò sìn ín sí àárín ìlú. Oko rẹ̀, lọ́nà Odò Ọbà, ni ó kọ́ ilé wọn sí, níbi tí òórùn wọn kò ti ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹlẹ́dẹ̀ ìbílẹ̀ ni wọ́n, àwọn dúdú kúkúrú wọ̀nyí tí ẹnu wọn gùn. Abo tí ó dàgbà jù nínú wọn ń jẹ́ Adúmáradán. Oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń lóyún. Bí ọjọ́ ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a máa fi ẹnu kó koríko àti ewé jọ, a sì tẹ́ ibùsùn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì délé ayé, kò ní pẹ́ tí olúkúlùkù yóò fi mú ọmú tirẹ̀, tí kò sì ní fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyá àgbà ní òfin tirẹ̀: a kò gbọdọ̀ nà wọ́n, omi ni kí a kọ́kọ́ fún wọn kí a tó fún wọn ní oúnjẹ, a kò gbọdọ̀ tètè já ọmọ lẹ́nu ọmú, a kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀kan lójú èkejì.

Olùkọ́ àgbẹ̀ kan wá ní ọjọ́ kan, ó ní kí ó ta àwọn dúdú, kí ó sì ra àwọn funfun, ìran òyìnbó. Kò purọ́. Àwọn funfun a máa tètè tóbi, wọn a sì máa bímọ púpọ̀. Ìyá àgbà ra méjì. Oòrùn jó wọn lẹ́yìn títí ara wọn fi bó, owó oúnjẹ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè tán. Ó tà wọ́n, ó padà sí ìdí Adúmáradán. Òyìnbó fúnra wọn ti kọ́gbọ́n: ní 1973 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Bìrìtìkó láti dáàbò bo ìran ẹran àtijọ́ wọn tí ó fẹ́ parun, ní 1999 ni wọ́n sì fòfin de àgò tóóró tí wọ́n ń ti abo ẹlẹ́dẹ̀ mọ́, níbi tí kò ti lè yí ara padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ìsinmi kan, Ìyá àgbà ta akọ kan fún oníbàárà tí ó wá láti Ìbàdàn, tí yóò dúró dè wá ní títì. Ó fún mi ní owó ọkọ̀, ó ní, "Àkànní, ìdájí ni kí o lọ. Tẹ́ koríko sínú ọkọ̀ fún un. Lọ sìn ín dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á."

Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Kí owó lè ṣẹ́ kù sí mi lápò, mo pe ọlọ́kadà. A di ẹran náà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a gbé e dábùú ẹ̀yìn ọ̀kadà, orí rẹ̀ ń fì nílẹ̀. Igbe rẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà. Kò pẹ́ tí táyà fi jò. Oòrùn ti dé àtàrí, ẹran náà kò ké mọ́. Mímí gúlegúle ni ó ń mí, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Bàbá Àáfà, aládùúgbò wa, ti oko dé bá wa, búùtà omi àlùwàlá wà lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, tú u sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ má bínú, oníbàárà ń dúró dè mí."

"Mo ní kí o tú u."

Mo tú u. Wọ́n dúró lókèèrè díẹ̀, wọ́n sì da omi inú búùtà náà sí i lórí àti lọ́rùn títí ó fi tán.

"Bàbá, omi àlùwàlá yín!"

"Odò Ọbà kò tíì gbẹ. N kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, n kò sì ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n máa wò ó títí yóò fi kú." Wọ́n wá sọ ìtàn ọkùnrin kan fún mi, tí ó rí ajá tí òùngbẹ fẹ́ pa, tí ó fi bàtà rẹ̀ fa omi nínú kànga fún un, tí Ọlọ́run sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dárí jì í. "Ajá náà, ṣé ẹran jíjẹ ni fún un?"

Ẹran náà dìde nígbà tí ó ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi sìn ín dé títì.

Ìyá àgbà kò ka owó tí mo gbé fún un. Ó ní, "Mo ní kí o sìn ín. Ǹjẹ́ o sìn ín?" N kò rí èsì fọ̀. Ní ọjọ́ kejì ó di iṣu mẹ́fà fún mi láti gbé fún Bàbá Àáfà. "Sọ fún wọn kí wọ́n tó gbà á pé kì í ṣe owó ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fi rà á. Iṣu oko mi ni."

Èdè ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà kò sì kúrò lọ́kàn mi. À ń sin Ọlọ́run, à ń sin ẹran, à ń sin àlejò sọ́nà: ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀kan di yẹpẹrẹ, kí ó má fi èyí tí ó kù yangàn.

Àjàkálẹ̀ àrùn ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ti Bìnẹ̀ wọ ilẹ̀ wa ní 1997, tí ó sì tún ba Òkè-Àró jẹ́ gidigidi ní 2020, kò ní oògùn tí ń wò ó. Ìyá àgbà náà ti ń darúgbó. Àwọn kan ní kí ó ta ìyókù, kí ó sinmi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi Adúmáradán sílẹ̀ fún mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ èdè fẹ́ di dárandáran ẹlẹ́dẹ̀. Kò burú. Ẹni tí kò bá ń jẹ ẹ́, kí ó má jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ́, kí ó máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní òun ń sìn ín, kí ó sìn ín.