Pípa Àgọ́ Ìtọ́jú Ọkọ̀ Eré-Ìje àti Títú Rẹ̀

Àgọ́ ìtọ́jú ọkọ̀ eré-ìje ni ibùdó onígbà díẹ̀ tí ẹgbẹ́ awakọ̀ kan ń pa sí ẹ̀bá ojú ọ̀nà ìdíje. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń sinmi, tí àwọn mẹkáníìkì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ń pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ kí ó tó padà sójú eré. Ọjọ́ mélòó kan péré ló ń lò lórí ilẹ̀. Pápá òfìfo ni wọ́n bá kí wọ́n tó pa á; bí wọ́n bá tú u tán, pápá òfìfo ló yẹ kí ó tún kù. Inú ráàlì ló ti wọ́pọ̀ jù, nítorí ráàlì kì í yí po lójú kan bí eré orí ọ̀dà tí wọ́n mọ gáréèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlú dé ìlú, oko dé oko ló ń gbà, àgọ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e.

Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó kò ní pápá eré-ìje ọkọ̀, ráàlì kì í sì í gba Ìkòtún kọjá, bí ẹni tó ń wọ dánfó láti Ìyànà Ìpájà lọ sí Ìgándò láàárọ̀ kùtù tilẹ̀ lè jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tí àgọ́ yìí ń fẹ́ tí kò sí ní àdúgbò náà: kánópì, òpó irin, tapólì, jẹnẹrétọ̀, sípánà, mẹkáníìkì tó ń fetí mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì. Láti ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ọmọ kánópì ti ń já irin sílẹ̀ lójú títì ní Ẹgbẹ́dá fún òde ọjọ́ Sátidé. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ilẹ̀ tó ṣófo kò sì tó nǹkan láàrin irú èrò bẹ́ẹ̀. Títì ló ń di pápá. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń sọ òpópónà di gbọ̀ngàn láàrin wákàtí díẹ̀ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orílẹ̀-èdè Ivory Coast wà lára ibi tí ìmọ̀ pípa àgọ́ ráàlì ti gbilẹ̀. Ráàlì Bandama bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1969, ó sì wà nínú ìdíje ráàlì àgbáyé láti 1978 títí di 1992. Eruku, ẹrẹ̀ àti igbó ló kún ọ̀nà rẹ̀. Ní 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. Láyé ìgbà náà, àgọ́ ńlá kan ṣoṣo kò sí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á pín ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ káàkiri oríta, mẹkáníìkì á tẹ́ tapólì sí ẹ̀bá ọ̀nà abúlé, wọ́n á máa retí. Ẹgbẹ́ tó lówó lọ́wọ́ tilẹ̀ ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré rà bàbà lókè láti máa gbé ohùn rédíò kiri. Owó àti ètò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí Mercedes fi gba ipò kìíní níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra, Hannu Mikkola ní 1979 àti Björn Waldegård ní 1980, pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá tó wúwo. Nàìjíríà náà ti fojú kan irú rẹ̀ rí: ráàlì tó gbéra ní London ní 1974 la aṣálẹ̀ Sàhárà já, ó dé Kano, kó tó ṣẹ́rí padà lọ sí Munich.

Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ sí ojú kan, tí àgọ́ náà sì wá di abúlé. Ní Kenya, ìlú Naivasha ni abúlé ọ̀hún ń wà láti ìgbà tí Ráàlì Safari ti padà sínú ìdíje àgbáyé ní 2021.

Yíyan ilẹ̀ ló ṣáájú. Ilẹ̀ tó tẹ́jú dára, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ́jú jù kò dára, torí omi òjò á dúró síbẹ̀. Ojú ọ̀nà àbáwọlé gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti àbájáde, kí ọkọ̀ má baà fẹ̀yìn rìn láàrin èrò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ẹfun tàbí okùn wọn ààyè ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tírélà ló ń kọ́kọ́ wọlé, nítorí òun ni ògiri: ìhà rẹ̀ kan ni wọ́n ń so òrùlé mọ́. Òrùlé ló kàn, kí iṣẹ́ yòókù lè lọ lábẹ́ ìbòòji. Lẹ́yìn náà ilẹ̀, iná, àpótí irinṣẹ́, táyà. Ẹni tó bá kó táyà sílẹ̀ kó tó gbé òpó ró á kó táyà náà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí bàjẹ́: ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ lò ni wọ́n ń dì gbẹ̀yìn.

Ìdè òrùlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú kéré. Ìgbòkun ńlá ni òrùlé kánópì fún atẹ́gùn, pàápàá ìjì tó máa ń ṣáájú òjò oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ní Èkó. Lórí koríko, èèkàn tó gùn tí wọ́n gbá wọlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó. Lórí ọ̀dà tàbí kọnkéré, ìwúwo ló yẹ kí wọ́n lò: kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n rọ omi kún, àpò yanrìn, tàbí irin tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ òpó. Bí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ṣe ń ṣe nìyẹn. Ní òpópónà Alímọ̀ṣọ́, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi òòlù gbá èèkàn irin la ojú ọ̀dà kọjá, tàbí kí wọ́n so okùn mọ́ òpó iná àti géètì onílé. Ti òpó iná léwu, ẹnikẹ́ni ló mọ̀. Ti èèkàn kò léwu lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi dun ẹnikẹ́ni. Omi òjò á wọnú ihò kékeré náà, á máa jẹ ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ ọ̀dà, táyà á máa tẹ ojú ibẹ̀. Kí òjò ọdún kejì tó dá, kòtò ti ṣí.

Lábẹ́ òrùlé, tapólì tí epo kò lè gbà kọjá ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, òfin ráàlì sì fọwọ́ líle mú un. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àgọ́ yìí àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ẹ̀bá títì kò hàn ju ibẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ti pẹ́ ní Ìgándò máa ń ní ilẹ̀ dúdú bíi ọ̀dà, èyí tí epo ẹ́ńjìnnì ọdún pípẹ́ ti mu yó. Mẹkáníìkì tó ni ín mọ iṣẹ́; ilẹ̀ ni kò ní ẹni tó ń gbèjà rẹ̀. Òfin tún kọ̀ kí wọ́n rọ bẹntiróòlù nínú àgọ́: ààyè ọ̀tọ̀ ni ti epo, tó ní panápaná tirẹ̀. Eré ọkọ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ ju kìlómítà 30 láàrin wákàtí lọ níbẹ̀. Jáàkì ń gbé ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ti àgéré irin bọ ìsàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, ì báà ṣe ní Naivasha, ì báà ṣe ní Ìkòtún.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wọlé, aago ni ọ̀gá. Nínú ìdíje àgbáyé, ìṣẹ́jú 15 ló sábà ń jẹ́ láàárọ̀, 40 lọ́sàn-án, 45 lálẹ́. Mẹkáníìkì tó já fáfá á pààrọ̀ odidi gíáàbọ́ọ̀sì, àkókò á ṣì ṣẹ́kù. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ ní ibi àyẹ̀wò àkókò, ìṣẹ́jú àáyá 10 ni wọ́n ń fi kún tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan yá jù, odidi ìṣẹ́jú kan. Ará Èkó tí ọ̀rọ̀ àpẹ́dé kò jọ ọ́ lójú mọ́ á rí i pé níbòmíràn, àyájù ni ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi.

Lálẹ́, wọ́n ń kó ọkọ̀ sínú ọgbà àtìpa tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe gbogbo ìdíje ló ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ráàlì Paris sí Dakar, tó kọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1978, máa ń pàgọ́ lálẹ́ láyé ìgbà náà, tó sì ń tú u láàárọ̀, ìlú tuntun lójoojúmọ́, ààbò irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì rọrùn. Ní 1988, ní Bamako, olè wa Peugeot 405 tí Ari Vatanen ń fi ṣíwájú nínú ìdíje lọ, wọ́n sì béèrè owó kí wọ́n tó dá a padà. Wọ́n rí ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n àkókò ìgbéra ti kọjá. Wọ́n yọ Vatanen kúrò, Juha Kankkunen tó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ló gbapò kìíní. Ohun gbogbo tó wà lábẹ́ àwọn kánópì ẹgbẹ́ náà, táyà, ẹ́ńjìnnì, àpótí irinṣẹ́, kò wúlò fún ọkọ̀ tí kò sí nílé.

Títú àgọ́ kì í dúró de òpin ìdíje. Bí ọkọ̀ bá ti jáde lọ fún ìgbà ìkẹyìn, ohun tí kò ní wúlò mọ́ ti ń wọ tírélà: àga àlejò, tábìlì oúnjẹ, táyà òjò bí oòrùn bá ń ràn. Ètò rẹ̀ ni ti pípa tí wọ́n yí padà, àmọ́ ara àwọn tó ń ṣe é kò rí bákan náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sùn dáadáa. Ọjọ́ ìkẹyìn, oorun ọjọ́ mẹ́rin wà lójú wọn, ilé sì ti ń pè wọ́n. Ìgbà yìí ni òpó ń bọ́ lọ́wọ́ lu ẹsẹ̀, tí wọ́n ń tú okùn ìhà kan kí ẹnìkan tó di ìhà kejì mú. Kò sí ohun tó burú kí ọ̀gá dá iṣẹ́ dúró fún wákàtí kan kí wọ́n jẹun. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣe é.

Òrùlé tó bá tutù kò ṣeé dì pamọ́ pẹ́, torí yóò bu. Bí òjò bá ká wọn mọ́ ibẹ̀, wọ́n á dì í bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì tún tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ nílé. Epo àlòkù á wọnú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á gbé e lọ. Sípánà ń padà sí ojú àpótí tí wọ́n gbẹ́ ní ìrísí rẹ̀, kí èyí tó bá sọnù lè hàn láìkà. Àwọn ọmọ kánópì náà mọ ìṣirò yìí lọ́nà tiwọn. Wọ́n ń ka àga ní mẹ́wàá-mẹ́wàá lóru ọjọ́ Sátidé, torí owó àga tó bá dín, ọrùn ẹni tó gbà á háyà ló ń já lé. Kíákíá ni wọ́n sì ń tú u, nítorí ìsọmọlórúkọ tàbí ìdúpẹ́ kan ń retí kánópì náà níbòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ni kí ẹnìkan rìn yí ilẹ̀ ká lẹ́yìn tí tírélà ti lọ: ó ń wá bóòtù, wáyà, ike, àbàwọ́n epo, ihò. Àwọn ẹgbẹ́ ráàlì ń ṣe é torí pé onílẹ̀ á wá yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò. Títì kò ní irú onílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba kánópì háyà ní Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá lọ́sẹ̀ yìí, kó béèrè kó tó sanwó: ṣé kẹ́ẹ̀gì omi ni wọ́n máa fi dì í ni àbí èèkàn, bí ó bá sì jẹ́ èèkàn, ta ló máa dí ihò náà?