Fàdákà Senakeribu

(Òkèṣà, Adó-Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ Ìmọ̀ Bíbélì (BK). Kò kúrò nílùú rí. Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé.)

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ní o sọ fún àwọn ọmọ pé odi Jeriko ò wó.

ÀBÚRÒ: Rárá o, Bọ̀dá mi. Odi wó. Ìgbà tó wó ni kò bá ti Joṣua mu. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Kathleen Kenyon, wa ilẹ̀ ibẹ̀ láti 1952 dé 1958. Ó rí i pé ìlú náà ti jóná ní nǹkan bí 1550 kí wọ́n tó bí Kristi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé bíi 300 ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni ti Joṣua ìbá jẹ́. Kò rí odi kankan tó wà nígbà náà tí ì bá wó.

Ẹ̀GBỌ́N: Títí mo fi fẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè Kenyon. Ìwọ náà, ṣé o dé Jeriko ni?

ÀBÚRÒ: N ò débẹ̀. British Museum ni mo dé. Mo rí ogun Lakiṣi tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Ara ògiri ààfin Senakeribu ọba Asiria ní Ninefe ni wọ́n ti tú u.

Ẹ̀GBỌ́N: Lakiṣi inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì?

ÀBÚRÒ: Òun gan-an. Amọ̀ sísun kan tún wà, onígun mẹ́fà, tí wọ́n kọ̀wé yí ká. Senakeribu ń fọ́nnu níbẹ̀ pé òun gba ìlú olódi 46 lọ́wọ́ Hesekiah ọba Juda, òun sé Hesekiah fúnra rẹ̀ mọ́ Jerusalẹmu bí ẹyẹ inú àgò, òun sì gba wúrà 30 tálẹ́ńtì...

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró ná. Wúrà 30 wà nínú Bíbélì. Fàdákà ńkọ́? 300 ni tiwa.

ÀBÚRÒ: 800 ni Senakeribu pè é.

Ẹ̀GBỌ́N: (ó rẹ́rìn-ín) Bóyá ẹni tó gbowó ló bù lé e, bóyá ẹni tó san án ló bù kúrò. Ṣé Senakeribu ní òun wọ Jerusalẹmu?

ÀBÚRÒ: Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o rí i! Ọba tó ka ìlú 46, tó dé olú-ìlú tán, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló kù tó ń sọ. Áńgẹ́lì Olúwa ti ṣiṣẹ́.

ÀBÚRÒ: Amọ̀ ò dárúkọ áńgẹ́lì o. A mọ̀ pé Senakeribu ò kó ìlú náà. Ìdí tí kò fi kó o, kò wí. Òkú 185,000 tí Bíbélì ní áńgẹ́lì náà pa, Bíbélì nìkan ló kà á.

Ẹ̀GBỌ́N: Wo ogun Kìrìjì, tí àwa Èkìtì bá Ìbàdàn jà. 1877 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ ibùdó ò tú títí di 1893. Bi ará Ìbàdàn léèrè pé ta ló ṣẹ́gun, kó o wá bi èmi. Samuel Johnson tó kọ ìtàn rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó sì wà lára àwọn tó ń gbé lẹ́tà àlàáfíà kiri. Bí mo ti ń ka ìwé rẹ̀ ni mo ń bá a jà. Ṣé kí n wá ní Kìrìjì ò ṣẹlẹ̀?

ÀBÚRÒ: Tọ̀tún tòsì ló jẹ́rìí sí Kìrìjì, bí wọ́n ti jẹ́rìí sí ti Hesekiah. Jeriko ni kò ní ẹlẹ́rìí. Ẹ tún wo yàrà Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Wọ́n ní Ayaba Ṣeba, tó bẹ Solomoni wò nínú Bíbélì, ló ni ín. Ó lé ní 1,500 ọdún lẹ́yìn Solomoni kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìjẹ̀bú ni kó o lọ bá wí. Bíbélì ò ní Ṣeba dé Ìjẹ̀bú. Ṣé gbogbo òkìtì Jeriko ni Kenyon wà?

ÀBÚRÒ: Kò wà á tán. Òun náà gbà pé àgbàrá ti wọ́ apá kan lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ́n-ẹ́n!

ÀBÚRÒ: Ilẹ̀ tí àgbàrá wọ́ lọ ò lè jẹ́rìí fún yín, Bọ̀dá mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò lè jẹ́rìí ta kò mí náà. Lọ́jọ́ Àìkú, sọ ti Senakeribu fún àwọn ọmọ, kí wọ́n ṣí Bíbélì, kí wọ́n fi fàdákà méjèèjì wéra. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ti Jeriko, rán wọn sí mi.