Ohun Tí Mo Rí Lórí Òkè Ìdànrè

Àwọn ará kíláàsì mi ń bi mí pé kí ni mo lọ wá ní Ìdànrè, nígbà tí òkè kún Àkókó nítòsí wa níbí. Èsì mi rèé o.

Màámi ò kọ́kọ́ fẹ́ kí n lọ. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ló ń bà wọ́n lẹ́rù, ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Àkúrẹ́ ló bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà.

Àtẹ̀gùn òkè yẹn lé ní 600. Mo kà á dé 213, mo bá gbájú mọ́ mímí.

Lókè, ìlú gidi ni mo bá, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà, pẹ̀lú òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Kóòtù wà, ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì wà. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn náà wà lára òkúta, wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu àfi ti àjẹ́. Ó bá tèmi mu o! Ẹ bá mi sọ fáwọn tó ń pè mí lájẹ̀ẹ́ torí máàkì ìṣirò.

Mo bi ẹni tó mú wa kiri pé ṣé ogun ló lé wọn. Ó ní rárá, òkè yẹn gan-an ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ogun láyé ọjọ́un. Nígbà tí ayé rọ̀, tí oko kòkó àti ọ̀nà mọ́tò wà nísàlẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ní àdúgbò wa ní Imeri, ilé mẹ́ta ló wà ní títì báyìí. Àkúrẹ́ ni àwọn kan lọ, Èkó ni àwọn kan. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Wọ́n kàn ń sọ̀ kalẹ̀ ni.

Oúnjẹ ńkọ́? Mo ti ń retí oúnjẹ òkè, àmọ́ ta ni yóò sè é níbi tí ààrò ti tutù tipẹ́? Nísàlẹ̀ ni màmá kan ti gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún wa. Mo ní, "Mà, ṣé bí wọ́n ṣe ń sè é lókè nìyí?" Wọ́n ní bí ìyá àwọn ṣe kọ́ àwọn nìyẹn, àwọn ò mọ òmíràn. Iyán tiwa kúná jù ú lọ, mi ò ní purọ́. Ọbẹ̀ yẹn ṣá, mo lá àwo.

Ẹni tó bá máa lọ, kó wọ bàtà tí kì í yọ̀, kó mú omi dání, kó má sì jẹun yó kó tó gùn ún.