Ta Ni Ó Ń Ka Aláìnílé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Òwe yìí ti wọ̀ wá létí tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí i mọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kọ àròkọ lórí ilé, òun ni yóò kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Èmi náà kò sì rí òmíràn tí ó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara sin sínú òwe náà tí a kì í sábà béèrè: ẹni tí ó ti oko dé tí kò ní ilé ńkọ́? Ta sì ni ó yẹ kí ó mọ̀ pé kò ní?

Láyé àtijọ́, ìbéèrè yìí kò ṣòro láti dáhùn. Lójú Yorùbá, ilé kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan. Agboolé ni ilé, olórí agboolé sì ni alábòójútó rẹ̀. Àlejò tí ó bá dé sí ilẹ̀ àwọn Àwórì, ní agbègbè tí a ń pè ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí, yóò tọ baálé abúlé lọ. Wọn yóò fún un ní ilẹ̀ tí yóò fi dáko, tí yóò sì kọ́lé sí, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe owó ilẹ̀ lásán. Ẹ̀rí ni pé àwọn onílẹ̀ mọ ẹni náà, wọ́n sì mọ ibi tí ó ń sùn. N kò sọ pé ayé ìgbà náà kò ní àbùkù tirẹ̀. Ẹrú wà níbẹ̀, ìwọ̀fà wà níbẹ̀, a sì máa ń lé àwọn kan kúrò nílùú. Síbẹ̀, ó ṣòro kí ènìyàn máa sùn síta láàárín ìlú kí olórí ibẹ̀ má mọ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan kò bá wọlé ní alẹ́, olórí agboolé yóò béèrè rẹ̀.

Òkè-Odò tí à ń gbé lónìí kì í ṣe abúlé mọ́. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí ó tó o nínú ìkà náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ọjà bá tú lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Abẹ́òkúta, àwọn kan a palẹ̀ ẹrù mọ́, wọn a gba ilé lọ. Àwọn mìíràn a tẹ́ páálí sábẹ́ àtẹ tí wọ́n fi ń tajà lọ́sàn-án. Alábàárù wà nínú wọn, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wà nínú wọn, ìyá tí ó gbọ́mọ pọ̀n náà sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń rówó jẹun. Owó ilé ni apá wọn kò ká. Àwọn tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì ọjà mọ̀ wọ́n lọ́sàn-án. Ta ni ó mọ̀ wọ́n lóru? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Èmi kò tíì rí àgbà náà.

Bí a bá béèrè ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ àgbà ọjà yìí, òfin kò fi ìdáhùn pa mọ́. Òfin-ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1979, àti ti ọdún 1999 tí ó tẹ̀lé e, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú àfikún rẹ̀ kẹrin. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń kà tí ó sì máa ń mú mi dákẹ́. Ó sọ pé káńsù ni yóò máa ṣètò itẹ́ òkú, ibi ìsìnkú, àti ilé fún àwọn aláìní tàbí aláìlera. Ìlà kan náà ni! Ilé àwọn tí ó ti kú àti ilé àwọn tí kò rílé gbé jọ wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Àkójọ yìí kan náà ni ó fún káńsù ní agbára láti sọ òpópónà lórúkọ, láti kọ nọ́ńbà sára ilé, láti díye lé ilé nítorí owó-orí, àti láti kọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ wọ̀nyí dáadáa. Iṣẹ́ ìkà ni púpọ̀ nínú wọn. Káńsù ń ka ilé. Ó ń ka ẹni tí ó dé sáyé, ó ń ka ẹni tí ó re ibi àgbà ń rè. Láti ọdún 2001 pàápàá, tí ìpínlẹ̀ Èkó ti da owó-orí ilé àti ti ilẹ̀ pọ̀ di ẹyọ owó kan, ilé tí ó bá ní ògiri àti òrùlé kì í sábà sá mọ́ ìwé lọ́wọ́. Ẹni tí ó wà láàyè tí kò sì ní ilé nìkan ni kò bọ́ sínú ìwé kankan. Kò sí nọ́ńbà lára rẹ̀, kò sí òpópónà tí ó ń jẹ́ tirẹ̀. Òfin-ìpìlẹ̀ ti 1999 sọ ní abala kẹrìndínlógún pé kí ìjọba darí ètò ìlú kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè lè rí ibùgbé tí ó yẹ, tí ó sì tó. Ṣùgbọ́n abala kẹfà ti kọ́kọ́ sé ilẹ̀kùn: kò sí ẹni tí ó lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìjọba ti kọ́lé fún mẹ̀kúnnù ní Èkó rí. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó jà ní Èkó láti 1924, ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Àjọ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955, tí ó sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Ní 1972, ìjọba ìpínlẹ̀ pa àjọ yẹn pọ̀ mọ́ àwọn ti Ìkẹjà àti Ẹ̀pẹ́, ó sì di ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó ilé kíkọ́ fún ìpínlẹ̀ Èkó. Láàárín 1979 sí 1983, Gómìnà Lateef Jákàńdè kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Abẹ́sàn, lẹ́bàá Ìpàjà, kò sì jìnnà sí wa. Ìjọba àpapọ̀ ti Shehu Shagari náà kọ́ tirẹ̀ sí Ìpàjà. Nígbà tí Jákàńdè fayé sílẹ̀ ní 2021, ilé wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí náà, ìjọba Babájídé Sanwó-Olú ṣí ilé 492 ní Ìgándò, ó sì fi orúkọ Jákàńdè pè é.

Mo kí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ káńsù kọ́ ni ilé wọ̀nyí ti wá, kíkọ́lé nìkan kò sì tó. A ta púpọ̀ nínú àwọn ilé Jákàńdè fún àwọn tí ó ń gbé inú wọn. Ẹni tí ó rà á lè tà á. Ẹni tí ó tún un rà lè fi í yá ayálégbé ní iye tí ó bá wù ú. Bí kò bá sí alábòójútó, ilé tí a kọ́ fún mẹ̀kúnnù lónìí a di ọjà fún olówó lọ́la. Ọ̀rọ̀ Màrókò tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó àdúgbò náà mọ́ nǹkan bí 300,000 ènìyàn lórí. Àwọn díẹ̀ nínú àwọn onílé ni wọ́n fún ní ilé ní Ìlàsàn àti Ìkòtà. Ayálégbé kò sí nínú ìwé, nítorí náà kò sí nínú ìpín.

Ibo wá ni ẹni tí kò rílé gbé lè lọ ní Alímọ̀ṣọ́? Ibùdó ìrànwọ́ kan wà ní Ìgándò. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé bàjẹ́ nínú ìbúgbàù Abúlé-Adó ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ibẹ̀ ni a kó lára àwọn tí ó sọ ilé nù lọ. Ilé ìtọ́jú àti ìkọ́ṣẹ́ kan wà ní Májídùn, lọ́nà Ìkòròdú, tí a ń kó àwọn tí a bá rí lójú pópó lọ. Ti ìpínlẹ̀ ni méjèèjì. Ní 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ kó àwọn kan kúrò ní Èkó lọ já sí Onítsha; ariwo ta, Gómìnà Fáṣọlá sì tọrọ àforíjì lọ́dún náà. Bí iná bá jó ilé ènìyàn tàbí omi bá gbé e, ẹnu ọ̀nà kan wà fún un. Bí ó bá ń sùn lójú pópó, wọn yóò fi ọkọ̀ wá a wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ilé lé jáde ní ìdákẹ́jẹ́, tí ó ń sùn sí ìsọ̀ lóru tí ó sì ń wẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kò ní ẹnu ọ̀nà kankan tí yóò kàn.

Àwọn ọmọ wa tí ń gbé Peckham ní ìlú London mọ irú ẹnu ọ̀nà tí mò ń wí. Òfin kan tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1977 di ẹrù ọ̀rọ̀ àwọn aláìnílé lé káńsù lórí. Òfin 2017 sì tún fi kún un. Ẹni tí kò ní ilé lè wọ káńsù lọ kí ó sọ ọ́, akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, kí ó wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó sì fún un ní èsì. Kì í ṣe ọ̀run. Àwọn tí ń dúró de ilé pọ̀ lọ jàra, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í rí i gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, iná jó ilé alájà gíga kan tí ń jẹ́ Grenfell, tí ó jẹ́ ti káńsù, ènìyàn 72 sì kú. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ti ń ké tipẹ́ pé ewu iná wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó dá wọn lóhùn. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Àbójútó kò lè bẹ̀rẹ̀ bí a kò bá kọ orúkọ ẹni tí a ń bójú tó sílẹ̀. Bí a bá sì ti kọ orúkọ rẹ̀ tí a kò fetí sí ohùn rẹ̀, asán ni ìwé náà.

Mo mọ ohun tí àwọn aláṣẹ yóò sọ: káńsù kò lówó, káńsù kò lágbára. Wọn kò purọ́ tán. Ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Agbádó/Òkè-Odò jẹ́ ọ̀kan nínú 37 tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2003. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2004 pé ìpínlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ náà kò tíì parí títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kan náà pàṣẹ ní oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Àríyànjiyàn lórí owó kò tíì tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí aláìnílé lè kọ orúkọ rẹ̀ sí. Kí káńsẹ́lọ̀ máa ka iye rẹ̀ síta ní ìpàdé káńsù, bí a ti ń ka owó tí a pa lọ́jà. Kí a kọ ilé kan, ó kéré tán, fún arúgbó àti aláìlera, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó ní 2011 kọ̀ fún onílé láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Mélòó nínú àwọn ayálégbé Òkè-Odò ni ó ti gbọ́ ọ rí? Káńsù lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà ní èdè Yorùbá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ àròkọ lórí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ má ṣe dúró lórí ọ̀nà, ọjà àti gọ́tà nìkan. Ẹ rántí ìlà kan tí ó kó itẹ́ òkú àti ilé aláìní pọ̀. Òfin ní kí káńsù máa kọ ikú sílẹ̀. Ó yẹ kí ó mọ iye alààyè tí ó sun ọjà lánàá, kí ó sì mọ orúkọ wọn.