Epo Ìyá Mi Dà Sójú Títì Nítorí Sípíríǹgì Tí Mo Gé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ìròyìn tí wọ́n rán mi lọ wá. Ọ̀rọ̀ ara mi ni, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀, mo ti rí ọmọkùnrin mẹ́ta mìíràn nílùú yìí tí wọ́n ṣe irú ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀ wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ń fi ọkọ̀ náà gbé èrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tú àṣírí ara mi.

Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà náà. Mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 2015, owó kò sí láti tẹ̀ síwájú, mo bá gba iṣẹ́ oníròyìn. Lónìí mo wà ní Mọ̀pà, lọ́la Ìsánlú, lọ́tùn-ún Ẹ̀gbẹ̀, orí ọ̀kadà ni mo sì ń wà ní gbogbo ìgbà, nínú òjò àti oòrùn. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, tí owó ọkọ̀ fò sókè, ìyá mi pè mí. Epo pupa ni ó ń tà. Ó ní èésú ti kan òun, òun yóò bá mi fi kún owó tí mo ti tọ́jú kí n fi ra ọkọ̀ kékeré kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà yóò máa bá òun kó epo láti Ìyámoyè wá sí Kàbà. Ta ni yóò ní òun ò fẹ́? Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Golf ni mo rà, tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé. Kì í ṣe Golf lásán o, GTI ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen kọ́kọ́ gbé GTI jáde fún aráyé wò ní Frankfurt, ní Jámánì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1976. Ọkọ̀ kékeré tó ṣeé gbé lọ sọ́jà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ki ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 110 sínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ni wọ́n rò pé àwọn yóò rí tà. Ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan lé ní 400,000 kí wọ́n tó yí i padà. Oríṣi kẹta, tó jáde ní 1991, ni tèmi.

Ohun kan wà tí ẹni tó tà á fún mi kò sọ, èmi náà kò sì béèrè. Láti ilé-iṣẹ́ ni GTI ti rẹlẹ̀ díẹ̀ ju Golf tí gbogbo ayé ń wà, sípíríǹgì rẹ̀ sì le ju ti ìyẹn lọ, kó má bàa máa yíwọ́ níbi tó bá ti ń sáré. Ọkọ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo tún fẹ́ mú kó kúnlẹ̀.

Fóònù ló kó bá mi. Mo ń wo àwọn ọmọ òyìnbó tí Golf wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn wọ́lẹ̀, tí taya wọn kún inú fẹ́ńdà fọ́fọ́, ó sì ń wù mí. Mo kọ́kọ́ ra rímù fífẹ̀. Mo wá béèrè owó sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún irú ìmúra bẹ́ẹ̀, owó náà ga ju mi lọ. Mẹkáníìkì kan tí n kò ní dárúkọ ní kí n má dààmú. Ó ní ṣebí irin ni, a ó gé e. Mo ní kó gé e. Ó tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun àti ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ ìgérin gé òrùka kan àbọ̀ kúrò lára sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ padà sáàyè rẹ̀. ₦8,000 ni mo san. Nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀, ó lúgọ bí ẹkùn tó fẹ́ fò mọ́ ẹran. Mo wà á yí ọjà ká lẹ́ẹ̀mejì láìní ohun tí mo fẹ́ rà.

Ohun tó sì tàn mí jẹ ni ọ̀nà kọnkéré tí ilé-iṣẹ́ Dangote ṣe láti Ọbájànà wá sí Kàbà, nǹkan bíi kìlómítà 43. Ọ̀nà yẹn tẹ́jú bí àwo. Ibẹ̀ ni mo ti dán ọkọ̀ mi wò, ó sì dùn! Mo ní mo ti dé Jámánì.

Ìyá mi ni kò yìn mí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó dúró, ó fi ọwọ́ lé ìdí. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ara ọkọ̀ yìí kò yá ni? Ó mà ti kúnlẹ̀.”

Mo ní, “Màámi, bí wọ́n ṣe ń lò ó nílùú òyìnbó nìyẹn.”

Ó ní, “Ṣé àwọn òyìnbó ń fi tiwọn kó epo ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí ba, ó wọlé, a bá ọ̀nà Ìyámoyè lọ. Ẹ rántí pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà kọnkéré o. Inú 2024 la wà, ọjọ́ ọjà ku ọ̀la.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni a kó sẹ́yìn, onílítà 25. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: epo inú wọn nìkan á tó kìlò 135, kí a tó ka ìyá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó bá wa lọ. Bí a ṣe kúrò ní Ìyámoyè ni ìdí ọkọ̀ ti ń lù mọ́lẹ̀, gbàù, gbàù. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ń pe Jésù ní gbogbo kòtò. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo tún tẹ iná mọ́ ọn, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú.

Kòtò kan wà lẹ́yìn ibi tí ọ̀nà ti yí, n kò tètè rí i. Ọkọ̀ fò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ó rọ̀ dirodiro, nígbà tó sì máa padà balẹ̀, sípíríǹgì tí a ti gé kúrú ti yẹ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ó wọ́ jókòó, taya òsì ẹ̀yìn bu fẹ́ńdà jẹ, ó bẹ́. Ìdí ọkọ̀ gbá, ó gbé wa lọ sí ọwọ́ òsì, níbi tí típà kan ti ń bọ̀ pẹ̀lú iná méjèèjì. N kò mọ ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe sí sítíárìn. Mo kàn rí i pé típà ti kọjá pẹ̀lú fèrè, pé inú koríko lọ́wọ́ ọ̀tún la wà, ẹ́ńjìnnì ti kú.

Mo yíjú wo ìyá mi. Pupa ni mo rí. Pupa lórí gèlè rẹ̀, lọ́rùn rẹ̀, lára bùbá rẹ̀, ó ń ṣàn wá sí orí ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kígbe tí ohùn kò jáde. Mo ní mo ti pa ìyá tó bí mi nítorí ẹwà ọkọ̀.

Epo ni. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló ti bẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fara pa, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ òsì ìyá mi ti yẹ̀, ó ń wú lójú wa. Àwọn ọlọ́kadà ló wá ràn wá lọ́wọ́. Ìyá mi kò bú mi. Ó jókòó sórí koríko, epo ń kán lára rẹ̀ lọ sójú títì, ó ń ka kẹ́ẹ̀gì. Ó ní, “Ó ku mẹ́ta.” Nígbà tó ṣe, ó ní, “Èló lo fún ẹni tó gé irin náà?” Mo sọ fún un. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Owó kẹ́ẹ̀gì kan ju ìlọ́po mẹ́ta ₦8,000 lọ lọ́jà lákòókò yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń tà á mọ̀.

Mo lọ bá mẹkáníìkì mi jà. Ó ní èmi ni mo ní kí òun gé e. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Bàbá kan ni wọ́n júwe fún mi, àgbà mẹkáníìkì tó ti ń tún 504 ṣe láti ìgbà tí kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Kogí. Bàbá kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ó ní kí n gbé ọwọ́ méjèèjì lé igun bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí n sì fi í sílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀, bí ọmọ tó ń jó. Bàbá ní, “Ṣọ́ọ̀kì rẹ ti kú kí o tó gé ohunkóhun. Òkú lo fi aṣọ tuntun wọ̀.”

Ó wá là mí lọ́yẹ̀. Ó ní sípíríǹgì ló ń ru ẹrù, ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún un pé ó tó. Inú ṣọ́ọ̀kì, ọ́ìlì ni, pẹ̀lú ọ̀pá tó ń gba inú rẹ̀ lọ gba inú rẹ̀ bọ̀. Ihò wẹ́wẹ́ ni ọ́ìlì náà ń gbà kọjá, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jó jù. Bí ọ́ìlì bá ti jò tán, ijó dé. Bí ènìyàn bá sì gé sípíríǹgì kúrú, ṣe ni yóò túbọ̀ le, kò ní ní ibi tí yóò rì sí mọ́, gbogbo kòtò ni yóò máa gbá a dé ìsàlẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá sì rọ̀, kò ní gùn tó láti dì mọ́ ibi ìjókòó rẹ̀. Ohun tó ṣe mí nìyẹn gan-an.

Bàbá fẹ́ràn 504, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Ó ní kí n lọ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí wágọ̀nù 504, irú èyí tí ẹ̀yin ìyá wa fi ń ná ọjà Lọ́kọ́ja láyé ọjọ́sí, tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti 1975. Sípíríǹgì méjì-méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Ó ní, “Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ẹrù ń bọ̀. Ìwọ mọ̀ pé ẹrù ń bọ̀, o sì dín tìrẹ kù.”

Mo ní mo ṣì fẹ́ kí ọkọ̀ mi dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó má kàn jẹ́ àtúnṣe lásán. Bàbá ní ó dáa, ṣùgbọ́n ará rọ́bà la ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀ṣì apá ìsàlẹ̀ ti gbó, rọ́bà tó wà lórí ẹsẹ̀ iwájú ti já, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì kan ń mì. Ó ní ẹni tó bá fi ṣọ́ọ̀kì olówó ńlá lé orí rọ́bà tó ti já, owó ló sọ dànù. Ó kọ̀ láti lo ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀, ó ní àárẹ̀ ẹlòmíràn ni mo fẹ́ rà. Tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì iwájú lẹ́ẹ̀kan, méjì ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Sípíríǹgì iwájú, gíga ti ilé-iṣẹ́. Ti ẹ̀yìn, gíga kan náà ṣùgbọ́n kí irin rẹ̀ nípọn díẹ̀ sí i. Ọjà Ládípò ní Múṣín ni wọ́n ti bá mi rà wọ́n, ọkọ̀ òru gbé wọn wá.

Owó rẹ̀? Mo ta rímù fífẹ̀, mo ta ẹ̀rọ orin inú ọkọ̀, mo ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́rin. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, ìyá mi ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì.

Ẹ̀yin ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ gbọ́ èyí. Lára Golf mi, ṣọ́ọ̀kì wà nínú sípíríǹgì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá kì í tú nọ́ọ̀tì òkè láìjẹ́ pé ó ti fi irin ìfúnpọ̀ méjì fún sípíríǹgì náà mọ́ra. Ó ní òun mọ ẹni tí sípíríǹgì fò mọ́ ní àgbọ̀n. Ọmọ kan nínú àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fẹ́ yára, bàbá gbá a létí.

Lẹ́yìn náà mo wà á lọ sí Lọ́kọ́ja kí wọ́n fi ẹ̀rọ tọ́ ẹsẹ̀ taya rẹ̀. Lójú ọ̀nà kọnkéré yẹn kan náà ni ẹnu ti yà mí. Ọkọ̀ náà ga, kò rí bíi ti orí fóònù mọ́, ṣùgbọ́n ó di ilẹ̀ mú níbi tí ọ̀nà bá ti yí ju ìgbà tó kúnlẹ̀ lọ. Kò sí pé ó ń ta gììrì. Mo wá mọ̀ pé n kò tíì wa GTI rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Ọwọ́ ìyá mi ti sàn, ṣùgbọ́n ti òsì kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì mọ́. Lọ́jọ́ tí a bá ń lọ Ìyámoyè, kì í wọ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á yí i ká, á fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, á dúró wò ó bóyá yóò jó. Tó bá dìde lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́, á ṣí ilẹ̀kùn.

“Wọlé, ká máa lọ,” ló sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. “Kẹ́ẹ̀gì kan ló kù tí o jẹ mí.”