Láti Dagenham dé Kew: Mo Wá Orúkọ Ìdílé Wa Lọ

Williams ni orúkọ ìdílé wa. Ẹ̀gbá ni wá, ọmọ Ìgbéìn ní Abẹ́òkúta, a kò sì gbọ́ ọ rí pé òyìnbó kan wà nínú ìran wa. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ: ta ló fún wa ní Williams, kí sì ni à ń jẹ́ kó tó dé?

Ibi tó sún mọ́ ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní Valence House, ilé àtijọ́ tó wà ní Becontree Avenue ní Dagenham. Ìjọba ìbílẹ̀ Barking àti Dagenham ló fi ṣe mùsíọ́mù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó àwọn ìwé àtijọ́ agbègbè yìí pamọ́ sí. Àwòrán àwọn Fanshawe wà lára ògiri ibẹ̀, ìdílé ńlá tó ní ilẹ̀ ládùúgbò yìí láyé ọjọ́un. Bàbá ń jẹ́ Fanshawe, ọmọ ń jẹ́ Fanshawe, ọmọ ọmọ náà ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn lónìí lè dì í mú títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀.

Ọ̀nà tèmi kò lè rí bẹ́ẹ̀. Láàrin tiwa, ọmọ kì í jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ láyé àtijọ́. Àbísọ tirẹ̀ ló ń jẹ́, ó ní oríkì, ó sì ní àmútọ̀runwá bó bá mú un wáyé. Ìyá kan, bàbá kan lè bí ọmọ mẹ́fà kí orúkọ wọn má jọra rárá. Ìwé ìrìbọmi, ilé ẹ̀kọ́ àti kóòtù ló ní dandan kí a mú ẹyọ kan tí gbogbo ilé yóò máa jẹ́.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin District ní Dagenham Heathway. Ó gba Becontree, Upney àti Barking wọ àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Mo sọ̀ ní Mansion House, mo fẹsẹ̀ rìn kọjá St Paul's dé Newgate Street, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń jẹ́ Christ Church. Bọ́ǹbù àwọn Jámánì ló jó o ní oṣù Kejìlá 1940. Ilé agogo rẹ̀ ṣì dúró, ara ògiri ṣì kù, wọ́n sì ti gbin òdòdó síbi tí ìjọ ti ń jókòó. Fíkà ibẹ̀ láyé ìgbà kan ń jẹ́ Samuel Crowther, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ míṣọ́nnárì CMS. Nígbà tí Àjàyí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ṣe ìrìbọmi ní Freetown, ní Sàró, ní oṣù Kejìlá 1825, orúkọ fíkà yìí ni wọ́n sọ ọ́. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní 1864.

Mo dúró láàrin òdòdó wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ wá yé mi. Bí àrọ́mọdọ́mọ Àjàyí bá fi Crowther tọpa ìran rẹ̀, Newgate Street ni yóò já sí, kò ní dé Òṣogùn láé. Ìyá tó tún fojú kan Bíṣọ́ọ̀bù ní Abẹ́òkúta ní 1846, Àjàyí ni òun bí.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irú ọ̀nà Àjàyí ni àwọn tiwa náà gbà. Ọkọ̀ District kan náà ló gbé mi dé Kew Gardens, níbi tí National Archives, ibi ìkówèépamọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà. Wọ́n ṣe káàdì òǹkàwé fún mi. Bírò kò gbọdọ̀ wọlé, pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n gbà. Àwọn ìwé tó wà lábẹ́ àmì FO 84 ni mo béèrè fún, níbi tí àwọn akọ̀wé ní Freetown ti kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú. Wọ́n fa ìlà sí i: nọ́ńbà, orúkọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, gíga, àmì ara. Akọ̀wé kò gbọ́ Yorùbá, bí etí rẹ̀ ṣe gbà á ló ṣe kọ ọ́. Síbẹ̀, Àjàyí ń yọjú, Òjó ń yọjú, Àìná ń yọjú. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni wọ́n kọ ilà ojú àti àpá ara sí, ti ọmọdé pẹ̀lú ti àgbà. Orúkọ 91,491 irú àwọn èèyàn báyìí ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, lábẹ́ African Origins. Nínú gbogbo ojú ìwé tí mo ṣí, n kò rí Williams kankan. Ibo ni ìbá ti wá? Lẹ́yìn ìrìbọmi ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ máa ń dé, láti ọwọ́ míṣọ́nnárì tàbí olùkọ́.

Nígbà tí mo padà délé, mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìgbéìn.

“Ẹ káalẹ́ mà. Williams tí à ń jẹ́ yìí, ta ló fún wa?”

“Àkànní, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Babańlá yín tó ti Sàró dé, Òjó ni. Àkàndé ni oríkì rẹ̀.”

Kí n tó fèsì, wọ́n ti mú oríkì orílẹ̀ wa lẹ́nu. Wọ́n dárúkọ ìlú tí a ti wà kí ogun tó tú oko Ẹ̀gbá ká, kí àwọn èèyàn wa tó kóra jọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Wọ́n dárúkọ èèwọ̀ ilé wa. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ ní Kew. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá ṣí ìwé àwọn CMS tó wà ní Yunifásítì Birmingham, mo mọ ẹni tí mò ń wá: Òjó kan láti Sàró, tó padà sí Ìgbéìn.

Àlùfáà Mojọlá Agbébí ju orúkọ rẹ̀ àtijọ́, David Brown Vincent, nù ní 1894, mo sì yìn ín. Èmi kò ní ju Williams nù, nítorí ó ń sọ ohun tí ojú Òjó rí kó tó padà délé. Ṣùgbọ́n kò ní dá dúró mọ́ nínú ilé mi. Mo ti kọ Òjó, Àkàndé, Ìgbéìn àti oríkì orílẹ̀ wa sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin ará wa ní Barking àti Dagenham, ẹ má ti ìdí orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe àgbà ilé yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí babańlá ń jẹ́ kó tó ṣe ìrìbọmi tàbí kó tó kírun, ẹ bi wọ́n ní oríkì rẹ̀, àgbo ilé rẹ̀ àti orílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìwé Kew yóò dúró dè yín.